Ọrùn Mẹ́ta Lórí Tábìlì Bàbá Gọ́mẹ̀sì

Òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Ìgbóṣẹ̀rẹ́,
àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn.
Bàbá Gọ́mẹ̀sì ti tẹ́ ìnura sórí tábìlì,
ó to ọrùn mẹ́ta sí i,
fàdákà méjì, idẹ kan,
wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí ọrùn lékeléke
tó ń ṣọ́ ẹja létí ọ̀sà.

"Mú básúnù rẹ jáde."
Mo tú u nínú àpótí, mo tò ó pọ̀.
Ìlú òtútù ni wọ́n ti gbẹ́ igi rẹ̀,
ṣùgbọ́n ogún ọdún ló ti fi mu ooru Èkó.
Ọrùn rẹ̀ àtijọ́ ti ṣẹ́:
ọmọ àbúrò mi ló jókòó lé e,
ó ní òun rò pé páìpù omi ni.
Mo ti sunkún rẹ̀ tán.
Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Èyí àkọ́kọ́ kúrú díẹ̀, ó ń dán.
Mo fi ìféfe tí mo ti rẹ sómi há a lẹ́nu,
mo fẹ́ kó pe "ọkọ mi" bí mo ṣe ń pè é nílé,
ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìlà kan,
láìgòkè, láìsọ̀.
Ó ní "ọkọ́ mi".
Mo tún un fọn. Ọkọ́.
"Ooru ti ń gbé ohùn sókè tẹ́lẹ̀," ni Bàbá wí,
"o tún wá fi ọrùn kúkúrú kún un.
Àgbẹ̀ ni yóò sọ ọ́ dà."

Èkejì fi ìwọ̀n èékánná kan gùn jù ú lọ.
Nísàlẹ̀, ó dára o! Ohùn rẹ̀ jókòó
bí àgbà tó yó, tó tú bẹ́líìtì.
Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gòkè ló ń wọ́ ẹsẹ̀,
gbogbo ohun tí mo wí di ọkọ̀,
ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú omi.

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kùn lábẹ́ fèrèsé.
Bàbá na ìka sí i: "Gbọ́.
Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, ohùn kan náà ni,
àfi bí epo bá fẹ́ tán.
Bá a mu."
Ó ní ẹ̀rọ ìwọn-ohùn nínú dúrọ́ọ̀,
n kò rí i kó mú un jáde rí.

Ó ku idẹ, pẹ̀lú àpá ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀.
"Ti Tíṣà Ṣóbándé ni."
Tíṣà tó kọ́ ìdajì àwa tí à ń fọn ọ́n nílùú yìí.
Àwa mélòó? Mẹ́rin.
Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tó ojú abẹ́rẹ́,
ibẹ̀ ni ohùn ń gbà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Ó ti dí. Bàbá fi okùn gìtá tín-ín-rín rò ó,
nǹkan dúdú kan jáde, bí èéfín tó gbẹ:
èémí Tíṣà, ọdún mọ́kànlá.
A wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan.
Bàbá nù ún sí ṣòkòtò rẹ̀.

Mo fọn ọ́n. Ó kọ̀.
Mo tún ètè ṣe, mo jẹ́ kí àgbọ̀n mi rọ̀.
"Ọkọ mi," ló wí.
Kò ṣe gẹ́lẹ́; ó fa "mi" díẹ̀
bí ẹni tí oorun ń kùn.
Bí mo ṣe ń pè é gan-an nìyẹn
lóru, bí iná bá lọ,
tí n kò mọ apá ibi tó sùn sí.

"Bí ọyẹ́ bá dé, gbé e padà wá," ni Bàbá wí.
"Ọrùn tó bá ọ mu lóṣù Òkúdù
lè fún ọ lọ́rùn lóṣù Ọ̀pẹ."
Mo bèèrè iye rẹ̀. Ó pè é. Mo wá àga, mo jókòó.

Mo san ìdajì.
Ìdajì yòókù ṣì wà lọ́rùn mi.