Ilé Márùn-ún Yòókù

Ní Èpétédò, lẹ́yìn ìrun Àsárì,
Sájẹ́ntì Jìnádù a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù,
a gbọn eruku kúrò nínú ọpọ́n ayò rẹ̀.
Bàbá Pẹrẹ́rà, bíríkìlà láti Káńpọ́ọ̀sì,
a wọ́ àpótí tirẹ̀ sún mọ́ ọn.
Ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ̀ pé eré kọ́.

Èmi Ṣìfáwù, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ojú ni mo fi ń ka ọmọ ayò, n ò fẹnu kà á.

Pẹrẹ́rà ò fẹ́ kí ilé kankan bínú:
ẹyọ kan síbí, ẹyọ kan sọ́hùn-ún,
bí ìyá tó ń pín ẹran ọdún.
Ó ń jẹ méjì. Ó ń jẹ mẹ́ta. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Sájẹ́ntì ò fọwọ́ kan ilé ìkángun lọ́wọ́ ọ̀tún.
Ó kàn ń jẹ́ kó kún.
Mẹ́sàn-án.
Mọ́kànlá.
Mẹ́rìnlá, ilé yòókù sì gbẹ bí agolo etí títì.

“Ọ̀gá wa pín ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ogun sí ọ̀nà mẹ́ta létí odò,”
ó ń bá ọpọ́n sọ̀rọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni,
“ọgọ́rùn-ún síbí, ọgọ́rùn-ún síbẹ̀, kí ibì kankan má baà ṣófo.
Àádọ́ta-lé-nígba péré lọ̀tá ní.
Gbogbo wọn gba ọ̀nà kan.
Wọn ò pọ̀ jù wá lọ, Ṣìfáwù.
Ibì kan ni wọ́n pọ̀ sí.
Ìka tó bá yà sọ́tọ̀ kì í lu àyà kó dún.”

Ó kó mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà.
Ọwọ́ rẹ̀ yí ọpọ́n po, ó fo ilé tó ti kó wọn,
ó tún wọ agboolé Pẹrẹ́rà lẹ́ẹ̀kejì.
Ilé márùn-ún ló jẹ, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé.
Ẹ̀rín Pẹrẹ́rà kú sí i lẹ́nu.

Mo ní, “Bàbá, nígbà tí gbogbo ọmọ wà nílé kan,
ta ló ń ṣọ́ ilé márùn-ún yòókù?”

Pẹrẹ́rà wúkọ́. Ewé fúrúùtù pupa kan já, ó bọ́ sórí ẹní.

“Ọjọ́ kan náà ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin forúkọ sílẹ̀,”
ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀,
“èmi, Súlè, Ràjí, àti Bùsárì tó kéré jù.
A ní ká lọ pa pọ̀, kí agbára wa lè jọ.
Lọ́rì kan náà la wọ̀ ní Ìdúmọ̀tà.
Oṣù Ọ̀wàrà ni ìyá wa kú.
Àwọn ará mọ́ṣáláṣí tí ò mọ orúkọ rẹ̀
ló gbé e lọ sí ibojì.
Ọkùnrin mẹ́rin ló bí.”

Ó ń pín ọmọ ayò padà:
mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin.
Nígbà tó dé ilé tó kẹ́yìn,
ó di mẹ́rin náà mú sínú àtẹ́lẹwọ́,
kò fẹ́ dà wọ́n sílẹ̀.

Pẹrẹ́rà ní, “Jìnádù, ta tìẹ.”