Àlọ́ọ̀tì

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́tà káńsù dé.
Mo kà á lóòró lẹ́nu ọ̀nà,
bàtà iṣẹ́ òru ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi:
ilẹ̀ kẹtàdínlógún ti di àlọ́ọ̀tì fún ọ.

Àlọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí tì.
Mo pa á fún ara mi: àlọ́ o!
Ta ní í dáhùn àlọ̀ ní Halifax láago méje òwúrọ̀?

Ìwé atúmọ̀ èdè ọmọ mi ní "pín" ni.
Irọ́. Mo mọ pín.
Pín ni kí Màámi fìka ya ẹja sọ́nà méje,
kí ẹni tó pín in mú kẹ́yìn.
Mo mọ há, mo mọ bù;
nínú gbogbo wọn, ọwọ́ ẹnìkan hàn.
Kódà ìpín tọ̀run, a kúnlẹ̀ yàn án ni.
N kò rántí pé mo kúnlẹ̀ fún káńsù,
àfi fọ́ọ̀mù kan tí mo kọ lórí itan nínú ọkọ̀ ojú irin.

Nígbà tí a pín ogún bàbá wa ní Ìpetumodù,
ẹ̀gbọ́n mi Oyèlárán ní ìdí igi ni,
àwa ní orí-ò-jorí.
A jà á di ọ̀gànjọ́.
Ẹni tó rẹ́ mi jẹ nílẹ̀ yẹn ní ojú, ó ní irùngbọ̀n,
mo sì rí i bínú sí.
Ta ni kí n bínú sí nínú lẹ́tà yìí?
Ta ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀gbẹ́ni Holroyd, ẹni tó ni ilẹ̀ kejìdínlógún,
fi ṣọ́bìrì tọ́ka sẹ́sẹ̀ mi:
"Ilẹ̀ Ẹ́nẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Oṣù Kejì ló kú."
Ó padà sórí ànàmọ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án.
Ikú ẹnìkan ni mo tò sórí ìlà fún, n kò mọ̀.

Rúbáàbù òkú ti yọ lábẹ́ yìnyín,
ó pupa bí ojú ẹni tó sunkún sùn.
Mo gé e, mo fi ìwé ìròyìn dì í,
mo gbé e lọ fún opó rẹ̀ ní King Cross.
Ó kà á: igi mọ́kànlá.
Ó mú mẹ́jọ,
ó ti mẹ́ta padà sí mi láyà.
Kò sọ̀rọ̀.
Ilẹ̀kùn tì.