Èdè Tí Gbèsè Ń Sọ

Aago mẹ́rin ìdájí la ti ń wọ ilé olú
lẹ́bàá Monaghan, èmi àti Bogna ará Pólándì,
iná kékeré níwájú orí bí ti awakùsà,
ọ̀bẹ kúkúrú lọ́wọ́, àkàsọ̀ onírin lábẹ́ ẹsẹ̀.
Èyí tí mo fi sílẹ̀ lánàá bí orí bọ́tìnnì
ti tó ẹnu ife lónìí.
Mo mọ nǹkan mìíràn tó ń sanra báyìí lóru
tí ẹnikẹ́ni ò bomi rin.

Ọdún tí mo yáwó ra yàrá méjì ní Ludza,
báǹkì fún mi ní kọfí, wọ́n fún mi ní bírò tó ń dán,
akọ̀wé ní kí n má fòyà, owó ilé kì í wálẹ̀.
Ó wálẹ̀.
Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ránṣọ ti ìlẹ̀kùn pa,
báǹkì gba yàrá, wọ́n tà á ní ìdá kan nínú mẹ́ta,
wọ́n ní ìyókù ṣì ń bẹ lọ́rùn mi.
Ìyókù kí ni?
Ẹran ti lọ, okùn rẹ̀ ló ń fà mí kiri.

Mo wọ bàálù. Òkun gbòòrò,
mo rò pé gbèsè ò mọ̀wẹ̀.
Mo pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mẹta.
Ológò ayé àtijọ́, ojúde ló ń jókòó sí,
èèyàn lè gba ẹ̀yìnkùlé jáde.
Tèmi ń gbé inú àpò ṣòkòtò,
ó ń gbọ̀n mọ́ mi nítan bí mo ṣe ń hú olú.

Lẹ́tà dé: báǹkì ti ta gbèsè mi
fún ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.
Wọ́n tà mí, wọn ò pè mí sí ìdúnàádúrà.
Antonina, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, onídùúró mi, kọ̀wé pé
wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì òun,
pé ọ̀dùnkún ṣe dáadáa lọ́dún yìí.
Kò bú mi.
Ì bá kúkú bú mi.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ń rọ̀, mo gbé e.
Ọmọbìnrin ni. Ó ka orúkọ mi pé, ó ka nọ́ńbà fáìlì,
ṣùgbọ́n bó ṣe pe eéje,
bí àwọn ará etí adágún wa ṣe ń pè é ni.
Ó pé ọdún mẹ́rin tí etí mi ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.
Mo ní, ṣé ọmọ Ludza ni ọ́?
Ó dákẹ́. Wọ́n ń gba ohùn wa sílẹ̀, mo mọ̀.
Ó ní, ìyá mi àgbà ni.
Mo bi í bóyá adágún ti di yìnyín.
Ó ní ó ti dì, àwọn apẹja ti ń lu ihò,
ọkùnrin kan já sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá,
wọ́n fà á yọ, ó ń bú gbogbo wọn.
Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.
Ló bá wúkọ́, ó padà sí èdè báǹkì:
ẹgbàárùn-ún ó lé irínwó yúrò,
èlé àná ò sí níbẹ̀.

Mo ní ọgọ́ta lóṣù ni agbára mi ká,
kí wọ́n tú okùn lọ́rùn Antonina.
Ó ní òun ò lè ṣèlérí, òun á kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣírò rẹ̀ sára páálí olú:
ọdún mẹ́rìnlá ó lé oṣù márùn-ún,
bí èlé bá lè sùn.
Bogna ní kí n máa bọ̀ ká lọ sí Nọ́wè,
nọ́ńbà tuntun, orúkọ ọkọ, ó parí.
Bóyá.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní oṣù mo fi iná kún fóònù,
mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì,
mo pa tẹlifíṣọ̀n.
Mo fẹ́ bi í bóyá yìnyín ti ń yọ́.