Ojóbó Méjì Lẹ́yìn Kílíìtì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e wá nínú àpò ọ̀rá.
Bàbá Chisholm ló ṣáájú, Finlay ọmọ ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e,
òjò Antigonish ń kán lórí fìlà àwọn méjèèjì.
Kílíìtì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró,
ìlà pupa kan tínrín bí ìgbà tí ológbò họ ènìyàn,
pílíìtì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn. Mo kà á.
Aránṣọ tí kò bá ka pílíìtì kó má gbowó.

Finlay ní: "Ẹ bá wa rán ojóbó sí i,
kí ìgbànú lè ríbi gbà."
Bàbá ní: "Ojóbó kẹ̀? Ṣòkòtò ló ń lo ojóbó.
Awọ mẹ́ta ló di kílíìtì mú, ọ̀kan lósì, méjì lọ́tùn-ún.
Ìgbànú tó o rí yẹn, ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́."
"Ọ̀ṣọ́ tó ń gun ènìyàn lọ sókè bí ọ̀bọ," ni ọmọ wí.
Wọ́n bá kọjú sí mi bí ẹni pé adájọ́ ni mí,
èmi ará Ìkìrun, tí mò ń gé ẹsẹ̀ jíǹsì
fún àwọn ọmọ yunifásítì.

Kí ni mo mọ̀ nípa kílíìtì?
Ìbàdí ni mo mọ̀.
Mo mọ bí ìró ìyá mi ṣe ń dúró láìní bọ́tìnì, láìní ìkọ́:
a ká etí rẹ̀ bọnú, a ru omi, a gun òkè, aṣọ ò ní í tú.
Mo sì mọ okùn ṣòkòtò bàbá mi,
èyí tó já lọ́jọ́ tí wọ́n pè é síwájú ìjọ láti kàwé.
Ọwọ́ kan ló fi di Bíbélì mú.
Gbogbo wa la mọ ohun tí ọwọ́ kejì dì mú.

Mo tẹ́ kílíìtì sórí tábìlì, mo yẹ awọ rẹ̀ wò.
Ihò mẹ́ta ni ẹni tó ṣe é lu sí i.
Ìkẹrin wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ìṣó lu nílé,
etí rẹ̀ rí wúruwùru.
Ìkarùn-ún ò tíì pẹ́, inú awọ ṣì funfun.
Mo gbójú sókè. Kọ́là ẹ̀wù bàbá gba ọrùn méjì.
Finlay ń wo ilẹ̀.

Mi ò béèrè. Ohun tí téèpù bá ti sọ,
aránṣọ kì í tún un bi oníbàárà.
Mo ní: "Méjì péré, lẹ́yìn, láàrin pílíìtì.
N ó gé e lára aṣọ tó ṣẹ́kù lábẹ́ ìgbátí,
ìlà á bá ìlà mu, ẹni tí kò bá wá a ò ní í rí i."
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Nítorí ọmọ yìí ni o."
"Nítorí ọmọ yìí ni, sà."

Oṣù Keje, ọjọ́ ìdíje. Atẹ́gùn ń ti etí òkun bọ̀,
ó ń ṣí etí aṣọ àwọn àgbàlagbà láìtijú.
Finlay ló kọ́kọ́ kọjá, nínú jíǹsì, ó gbé àga kan lọ́wọ́.
Bàbá rẹ̀ àgbà ló wọ kílíìtì, fèrè aláápò lápá,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú bí ti ọmọ tó jí iṣu jẹ,
ẹsẹ̀ ń lélẹ̀ gììrì, gììrì.
Mo jẹ́ kó kọjá mi tán.
Ìgbànú dúdú ti wọ ojóbó kìíní, ó wọ èkejì,
ó dúró jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé ló wá sanwó. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́,
àmọ́ ojóbó yẹn, òun ò tíì rí ìwúlò rẹ̀.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.
Mo ka ṣéńjì rẹ̀ lé e lọ́wọ́.