Eyín Ẹṣin

Bàbá mi àgbà kì í bi olówò pé ọdún mélòó ni ẹṣin ti lò láyé.
Á di ètè rẹ̀ mú, á la ẹnu rẹ̀,
á fi àtàǹpàkò ra eyín,
á ní, "Èyí ti dàgbà ju bí ẹ ṣe wí lọ."
Ní àdúgbò Gàmbàrí ni, kí wọ́n tó bí mi.
Èmi, ẹṣin onírin ló kàn mí.
Ṣọ́ọ̀bù mi ń bẹ ní Ọ̀nà Táíwò, lẹ́yìn àwọn tó ń ta táyà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Ìjàrá-Ìsin.
Mọ́sítáàǹgì pupa kan wà lábẹ́ òrùlé páànù,
ẹṣin fàdákà ń sáré lójú rẹ̀, ìrù ẹṣin ti kán,
adìẹ ti yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn.
Olóògbé Ẹnjiníà Ọlátẹ́jú ló gbé e dé láti Amẹ́ríkà
nígbà tí náírà ṣì lè fọ́ dọ́là létí.
Ọmọ rẹ̀, Gbóyèga, fẹ́ tà á.
Oníbàárà láti Àbújá wọ funfun, kò fara kan nǹkan kan.
Ó ní bí gbogbo nọ́ńbà bá bára mu, owó ilé lòun máa san;
bí wọn ò bá bára mu, kí wọ́n pe àwọn tó ń ra àlòkù irin.

Mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè.
Mo fi kẹrosíìnì fọ irin apá òsì,
nọ́ńbà yọjú bí eyín ọmọ ọwọ́:
ẹyọ kìn-ín-ní ń pe ọdún,
lẹ́tà kan ń pe ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́.
Mo ka ti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó bá a mu.
Mo yọ òòfà lápò, mo fi ń tọ ara ọkọ̀:
ó lẹ̀ mọ́ òrùlé, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn,
ó dé ìbàdí ọ̀tún, ó já bọ́ sínú erùpẹ̀.
Òòfà mọ irin; kò mọ pọ́tì.

Oníbàárà ní, "Ìyẹn kéré. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Nọ́ńbà pé, ẹyọ kan kò yẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹẹ́ta kan tẹ̀ sí òsì,
ó tẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó.

Mo mọ ẹẹ́ta yẹn.
Ọlọ́wọ́ òsì ni ọ̀gá mi Bùsàrí, kí Ọlọ́run foríjì í;
gbogbo ẹẹ́ta tó bá kàn lára irin ló máa ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ọmọ iṣẹ́ ni mí, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú lóru náà:
ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ tó dojú dé lọ́nà Jẹ́bà,
ọ̀gá ń fi fáìlì pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́,
ó ń kan tuntun, kí ọlọ́pàá má baà dá oníbàárà rẹ̀ dúró.
Funfun ni ọkọ̀ yìí nígbà náà. Ìdí tí n kò fi dá a mọ̀ nìyẹn.

Gbóyèga ń wò mí. Ó ti ná owó náà tán nínú ojú rẹ̀.
Ìlọrin ni mo ti wá. A ń lọ irin níbẹ̀,
a kì í lọ́ ọ̀rọ̀.

Mo jáde, mo gbọn erùpẹ̀ ẹ̀yìn mi.
Mo ní, "Ara rẹ̀ ni ara rẹ̀. Ọkàn ni wọ́n pààrọ̀."
Ará Àbújá wọ jíìpù rẹ̀.
Gbóyèga kò sọ pé ó dàbọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló gbé omi tútù wá fún mi.
"Ẹ́ńjìnnì wo," ó ní, "ló gbé mi lọ sí Òmù-Àrán
lóru tí mo fẹ́ bí Gbóyèga?"
Mo ṣírò ọdún. "Èkejì ni, Màmá. Ti ọ̀nà Jẹ́bà."
Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.
"A jẹ́ pé òun ni ojúlówó tèmi."
Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó ẹyin adìẹ rẹ̀ lórí ìjókòó,
mẹ́rin ni. Ó fi méjì san owó iṣẹ́ mi.