Eruku Orí Tábìlì Bàbá

Ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, a fi òòlù já àgádágodo.
Bàbá fúnra rẹ̀ ló ti yàrá yìí
lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ kọ ìwé kíkà,
kò sì jẹ́ ká ṣí i títí ó fi kú.
Ilẹ̀kùn ké bí ewúrẹ́. Òórùn ìwé àtijọ́ pàdé wa.
Ọdún mélòó ló ti wà ní títì?
Làsísì, àbúrò Bàbá, tó fi rélùwéè fẹ̀yìn tì,
ní ọdún méje ni, òun ò lè ṣì í.
Ìyá Mọ́rúfátù bú sẹ́rìn-ín láti òdì kejì ògiri:
"Mọ́kànlá! Mo lóyún Sàbítíù nígbà náà.
Àbí oyún náà ni mo gbàgbé?"

Èmi ò dá sí i. Mo fi ìka kan fa ìlà lórí tábìlì.
Eruku ya sọ́tùn-ún, ó ya sósì.
Iṣẹ́ mi nìyí, ohun tí mo fi ń jẹun nìyí:
mo máa ń bi ẹrẹ̀ léèrè ọjọ́ orí.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni mò ń wí, kì í ṣe ti odò Ọ̀ṣun
tí òjò oṣù Kẹsàn-án ń tú ká lọ́dọọdún.
A fi irin gígùn fà á yọ bí ọ̀pá páìpù,
funfun, funfun, funfun bí ẹfun,
lójijì, pupa.
Ibẹ̀ ni ayé ti gbóná, ẹgbẹ̀rìnlá ọ̀kẹ́ ọdún sẹ́yìn,
kò tíì sí ẹni tí yóò sọ pé, "Ooru yìí mà pọ̀ o."
Òkun kan bí ẹmu àná,
ó jẹ ẹfun inú ara rẹ̀ tán.
Nítorí náà ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n.
Ta ló lè ka ojú ewé tí eku ti jẹ
kó sọ iye ọjọ́ tí a fi kọ ìwé?

Ẹnìkan ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ọdún ni ooru náà fi jókòó.
Òmíràn ní ọ̀kẹ́ mẹ́jọ àbọ̀.
Òmíràn ní mọ́kànlá, ó dín díẹ̀.
Mo rántí wọn bí Làsísì ti ń na ìka sí Ìyá Mọ́rúfátù.

"Eruku ni kẹ́ ẹ bi," ni mo wí.
Làsísì wò mí bí ẹni wo ọmọ tó kàwé jù:
"Eruku wo? Ti ọyẹ́ ni, àbí ti katapílà?
Ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Gbọ̀ngán,
oṣù mẹ́ta péré la fi gbá eruku ọdún mẹ́ta."
Òótọ́ ni. Ẹni tí kò wọ yunifásítì rí
fi gbólóhùn kan fọ́ ìkòkò mi.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń wá eruku tí kò mọ katapílà,
èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òṣùpá,
tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí òkun, sórí páànù Òkè-Fìà,
lójò, lẹ́ẹ̀rùn, ìwọ̀n kan náà,
bí ẹlẹ́sùúsú tí kì í pa oṣù jẹ.
Bó bá pọ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà pẹ́ kó tó kún.
Bó bá ṣọ̀wọ́n, ẹrẹ̀ náà yára.
Ohun tó sọ fún wa kò dùn létí:
ooru wọlé bí ẹni tí ajá ń lé,
ó jáde bí àlejò tó dágbére lẹ́nu ọ̀nà
tó tún padà jókòó.

Nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ jígí ojú Bàbá,
a rí ìwé owó iná, ọjọ́ wà lára rẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án, ó lé oṣù méjì. Kò sẹ́ni tó jàre.
Ìyá Mọ́rúfátù tún oyún rẹ̀ kà lórí ìka.
Ilẹ̀ ayé kò fi ìwé owó iná pamọ́ fún wa.

Ọ̀sán pọ́n. Páànù ń ta pá, pá, lókè orí.
Làsísì nu ọrùn: "Ooru ọdún yìí yàtọ̀.
Ìwọ tó mọ̀wé, yóò ti pẹ́ tó?"

Mo wo ìlà tí mo fà.
Eruku tuntun ti ń bà sínú rẹ̀.