Aṣọ Òkè Mìíràn

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí i,
lábẹ́ àpáta tó ń forí kan ìkùukùu.
Nítorí náà, nígbà tí Mọ́rììn ní ká lọ gun òkè ní Édélì,
mo rẹ́rìn-ín músẹ́.
Òkè wo? Èyí tí àgùntàn ń jẹko lórí ẹ̀?
Mo wọ ṣòkòtò jíìnsì tó fún mi nítan,
bàtà kánfáàsì funfun báláú,
ẹ̀wù òwú aláwọ̀ ọsàn tí mo fi ń ya fọ́tò.
Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, mo sọ fún dígí.

Mọ́rììn wò mí tòkè-tilẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
egungun ìbàdí rẹ̀ kan, irin ni.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn ki ṣọ́kọ́ọ̀sì kan sí i sínú báàgì rẹ̀.

Òjò Édélì kì í kù kó tó rọ̀.
Kò sí ààrá, kò sí atẹ́gùn tó ń gbálẹ̀ dè é;
o kàn rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni, bí àna tí kò ránṣẹ́ ṣáájú.
Òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́,
ẹni eji rí leji ń pa.
Jíìnsì mi mu omi bí ẹni tó gbààwẹ̀,
ó wúwo, ó tutù,
ó dì mọ́ mi lórúnkún bí ọmọ
tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ síṣẹ́ alẹ́.
Bàtà funfun wọnú ẹrẹ̀ dúdú, ó kọ̀, kò jáde.
Ẹsẹ̀ mi nìkan ló jáde.
Mo dúró lẹ́sẹ̀ kan bíi lékeléke,
èmi ọmọ Ìdànrè, lórí òkè àgùntàn.
Mọ́rììn na ṣọ́kọ́ọ̀sì gbígbẹ sí mi.
Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní Sátidé, ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà kan ní Ṣẹ́fíìdì.
Mo gba ibi tí àwọ̀ pupa ti ń pè mí lọ.
"Má fojú rà á," Mọ́rììn wí, "orúnkún ni kó o fi rà á."
Mo lóṣòó láàárín ṣọ́ọ̀bù,
ọmọbìnrin tó ń gbowó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ṣòkòtò àkọ́kọ́ dáhùn: fàà!
Èkejì jẹ́ kí n mí.
Ó ní kí n yí inú rẹ̀ síta, kí n wo ojú abẹ́rẹ́,
kí n fa síìpù lọ, kí n fà á bọ̀.
Jákẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé gbígbẹ, ó fi díẹ̀ tóbi jù mí,
àyè súẹ́tà nìyẹn.
Míǹtì kan ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ti ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.
Bàtà náà ga lọ́rùn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín.
Gbogbo rẹ̀, ogún pọ́ùn.

Níbi tí mo ti ń kawó ni mo rántí ẹ̀wù oko bàbá mi.
Kíjìpá ni, ìyá rẹ̀ ló hun ún,
omi kòkó ti pa á láró, ẹ̀gún ò rí i ya.
Bó bá gba ọ̀nà ilé ìwé wa kọjá,
mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà.
Òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ:
ta ló sọ ọ́? Kò jọ ẹni tó roko rí.
Aṣọ tó bá ọkùnrin kan dóko fún ọdún mẹ́tàlélógún,
tó sì ń bá a bọ̀ wálé,
kí lọ̀lẹ fẹ́ fi ṣe?

Òfì ìgbéyàwó mi wà nínú àpótí, mi ò bá a jà.
Ṣùgbọ́n ní Àìkú tó kọjá, lókè Édélì,
òjò kan ilẹ̀kùn jákẹ́ẹ̀tì mi títí,
kò rẹ́ni ṣí i fún un.
Èmi àti Mọ́rììn jókòó sórí òkúta,
a fi eyín gé míǹtì àjèjì náà sí méjì.